Wọ́n fẹ́ gba owó ìwúrí SEIS padà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ wa ní Íńdíà: ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ àwíjàre?

Ìbéèrè láti ọwọ́ Akọ̀wé_Ìṣúná

Mo kí gbogbo ilé, pàápàá ẹ̀yin agbẹjọ́rò àti ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí ìṣirò owó.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Íńdíà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ wa ni pé kí a ṣe ìṣirò, kí a sì ya àwòrán ẹ̀rọ àti ọ̀pá tí omi tàbí kẹ́míkà ń gbà kọjá, fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Jámánì àti Amẹ́ríkà. Íńdíà ni àwọn ẹnjiníà wa jókòó sí tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Tí wọ́n bá ti parí, wọn a fi àwòrán náà ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oníbàárà a sì san dọ́là tàbí yúrò sí báńkì wa.

Nígbà tí ètò SEIS ṣì wà, ìyẹn ètò tí ìjọba Íńdíà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2015 láti fi ṣe kóríyá fún àwọn tó ń ta iṣẹ́, tí kì í ṣe ọjà, fún ará òkèèrè, a kọ̀wé béèrè tiwa. Wọ́n fún wa ní ti ọdún ìṣúná 2016 sí 2017 àti ti 2017 sí 2018. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ètò náà mọ̀ pé kì í ṣe owó ni wọ́n ń kà lé ènìyàn lọ́wọ́, bí kò ṣe ìwé tí wọ́n ń pè ní scrip, tí ẹni tó ni ín lè fi san owó kọ́sítọ́ọ̀mù, tàbí kó tà á fún ẹlòmíràn tó ń kó ọjà wọlé. Àwa kì í kó ọjà wọlé, nítorí náà a ta gbogbo rẹ̀, a sì fi owó rẹ̀ san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́.

Ní báyìí, kúẹ́rì ti dé láti ọ́fíìsì DGFT, ìyẹn àjọ ìjọba Íńdíà tó ń bójú tó òwò pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè. Ohun mẹ́ta ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé iṣẹ́ tí a ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà rárá, pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò sì sí nínú àkójọ iṣẹ́ tí SEIS ń sanwó fún. Ohun tí wọ́n dì mú ni ìlà kan ṣoṣo lórí ínfọ́ìsì wa, níbi tí ẹni tó ń kọ ọ́ nígbà náà ti kọ ọ́ pé “wákàtí iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, 160”. Ìkejì ni pé oṣù kẹjọ ọdún 2016 ni nọ́ńbà IEC wa, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fún àwọn tó ń bá òkèèrè ṣòwò, jáde, ṣùgbọ́n a ka owó láti oṣù kẹrin ọdún náà mọ́ ọn. Ìkẹta ni pé kí a dá gbogbo rẹ̀ padà pẹ̀lú èlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé scrip náà kò sí lọ́wọ́ wa mọ́.

Ọ̀gá wa ní kí a gba ilé-ẹjọ́ gíga lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí a lọ sọ fún adájọ́ pé ìjọba ti ṣe ìlérí, kò sì lè yẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí i. Èmi ni mo fọwọ́ sí púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà, mi ò sì fẹ́ kí a fi ìbínú ba ohun tí a lè fi sùúrù tún ṣe jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Èsì láti ọwọ́ Amòfin_Àgbà

Ẹ kú ìfaradà o. Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá yín kó má tíì gba ilé-ẹjọ́ gíga lọ. Kúẹ́rì ni wọ́n kọ sí yín, wọn kò tíì dájọ́. Òfin tó de ọ̀rọ̀ yìí, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1992 lórí òwò pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè, sọ ọ́ ní abala 14 pé wọn kò gbọdọ̀ bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ fún un ní ìwé tó sọ ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì fún un láyè láti sọ tẹnu rẹ̀. Àyè yẹn ni ẹ wà báyìí. Bí ẹ bá fò ó kọjá, ohun àkọ́kọ́ tí adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga yóò bi yín ni ìdí tí ẹ kò fi kọ́kọ́ gba ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀. Abala 226 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Íńdíà fún wọn lágbára láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá wù wọ́n ni. Wọn a sì máa lé olùpẹ̀jọ́ padà síbi tó ti yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlérí ìjọba tí ọ̀gá yín ń sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ asán. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà ti sọ ọ́ láti ọdún 1978, nínú ẹjọ́ Motilal Padampat Sugar Mills, pé bí ìjọba bá ṣèlérí, tí ènìyàn sì ti ìdí rẹ̀ ná owó, ìjọba kò lè ṣe bí ẹni pé òun kò sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2015, nínú ẹjọ́ Kanak Exports tó dá lórí ìwúrí fún àwọn tó ń ta ọjà sí òkèèrè, ilé-ẹjọ́ yìí kan náà là á mọ́lẹ̀ pé òfin ọdún 1992 kò fún ìjọba lágbára láti ṣe ìkéde tó máa padà sẹ́yìn gba ẹ̀tọ́ tí ènìyàn ti ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè dá ìwúrí dúró láti òní lọ bí ire ìlú bá béèrè bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ìjọba kò sọ pé òun kò ṣèlérí mọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹ kò sí lára àwọn tí wọ́n ṣe ìlérí náà fún. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, òun gan-an ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣubú nínú ẹjọ́ SEIS. Wọ́n á kó ìwé rẹpẹtẹ lórí ìlérí dé ilé-ẹjọ́, adájọ́ á sì bi wọ́n pé níbo nínú àkójọ iṣẹ́ ni ìjọba ti dárúkọ yín, ẹnu á wọhò.

Nítorí náà, orí àkójọ yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Appendix 3D ni orúkọ rẹ̀. Ó to àwọn iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì fi nọ́ńbà CPC, ìyẹn ètò ìpín-sí-ìsọ̀rí ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Iṣẹ́ ẹnjiníà wà lábẹ́ 8672. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wà lábẹ́ 84, òun kò sì sí nínú àkójọ náà lóòótọ́. Ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ dáhùn ni èyí: kí ni oníbàárà yín rà? Ṣé ètò kọ̀ǹpútà ló gbà lọ́wọ́ yín, tàbí ìṣirò àti àwòrán tí ẹnjiníà fọwọ́ sí, tó sì máa fi ṣe ẹ̀rọ? Ẹni tó fi kọ̀ǹpútà kọ lẹ́tà kò tíì di ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà. Bí ìwé àdéhùn yín bá sọ pé àwòrán ọ̀pá àti ìṣirò agbára rẹ̀ ni ẹ máa fi jíṣẹ́, ìlà kan lórí ínfọ́ìsì kò lè pa á rẹ́. Bí ìwé àdéhùn náà bá dákẹ́, tàbí tí ó bá sọ bákan náà pẹ̀lú ínfọ́ìsì, iṣẹ́ wà o.

Ẹ má sì retí pé bí iyèméjì bá wà, tiyín ni wọ́n máa gbà. Adájọ́ márùn-ún ló jókòó lórí ẹjọ́ Dilip Kumar lọ́dún 2018, wọ́n sì sọ pé ẹni tó bá ń béèrè ìdásílẹ̀ lábẹ́ òfin owó orí ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun wà nínú rẹ̀, àti pé bí ọ̀rọ̀ inú ìkéde bá ní ìtumọ̀ méjì, ti ìjọba ni wọ́n máa gbà.

Ní ti nọ́ńbà IEC, mi ò ní tàn yín jẹ. Orí kẹta ìlànà òwò òkèèrè ti ìjọba, èyí tí SEIS wà nínú rẹ̀, sọ ọ́ gbangba pé nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ènìyàn ní àkókò tó ń ṣe iṣẹ́ tó fẹ́ gba ìwúrí lé lórí. Oṣù kẹrin títí di ọjọ́ tí tiyín jáde ti lọ. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀ fúnra yín nínú èsì yín, ẹ ṣírò iye rẹ̀, kí ẹ sì ní ẹ ti ṣe tán láti dá a padà. Ẹni tó bá gba ohun tó jẹ̀bi rẹ̀ ni wọ́n máa ń fetí sí nígbà tó bá ń sọ èyí tí kò jẹ̀bi rẹ̀.

Èsì láti ọwọ́ Olùyẹ̀wé_Owó

Ẹ ṣé, Amòfin. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí nọ́ńbà, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó ń bani lẹ́rù ju kúẹ́rì lọ.

Mo bá ilé-iṣẹ́ kan ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi kàn wọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí a tẹ́ gbogbo ínfọ́ìsì sílẹ̀ lóṣooṣù, tí a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé ìwé ẹ̀rí tí báńkì fi hàn pé owó wọlé láti òkèèrè, a bá àṣìṣe méjì tí ìjọba kò tíì rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ wọ́n, kí ẹ lè wo tiyín.

Ọ̀kan ni pé kì í ṣe gbogbo owó tó wọlé ni ìwúrí náà dá lé. Owó ilẹ̀ òkèèrè tó wọlé, tí a bá ti yọ owó ilẹ̀ òkèèrè tí ilé-iṣẹ́ san jáde nítorí iṣẹ́ náà kúrò nínú rẹ̀, ni wọ́n ń ṣírò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya àwòrán ẹ̀rọ, ó dá mi lójú pé ẹ ń san owó lọ́dọọdún fún ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń yà á, àwọn tó ni ín kò sì sí ní Íńdíà. Ṣé ẹ yọ ọ́? Ilé-iṣẹ́ tí mo ń sọ kò yọ ọ́. Akántáǹtì tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí wọn kò béèrè, wọn kò sì sọ.

Èkejì ni ọ̀nà tí ẹ gbà ṣe iṣẹ́ náà. Oríṣi méjì péré ni SEIS ń gbà: kí ẹ jókòó sí Íńdíà, kí iṣẹ́ kọjá ààlà lọ bá oníbàárà, tàbí kí oníbàárà wá gbà á ní Íńdíà, bí aláìsàn tó wá sí ọsibítù tàbí àlejò tó wá sí òtẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá dá ọ́fíìsì sílẹ̀ lókè òkun, tàbí tí ẹ rán òṣìṣẹ́ lọ jókòó lọ́dọ̀ oníbàárà, owó yẹn kò sí nínú rẹ̀ rárá. Bí ẹ bá rán ẹnjiníà kankan lọ sí Jámánì, kí ẹ ti yọ owó tó wọlé fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹlòmíràn tó bá yín yọ ọ́.

Ẹ tún wo ìdá tí ẹ fi ṣírò. Ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni iṣẹ́ ẹnjiníà ń gbà tẹ́lẹ̀, ó sì di ìdá 7 fún iṣẹ́ tí a ṣe láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2017. Mo ti rí àwọn tó fi ìdá 7 ṣírò gbogbo ọdún ìṣúná náà.

Amòfin, ẹ̀yin ló kàn: wọ́n ti ta scrip wọn. Ṣé ẹni tó rà á kọ́ ni wọ́n máa lọ bá?

Èsì láti ọwọ́ Amòfin_Àgbà

Ìbéèrè tó ṣe kókó ni. Lọ́dún 2012, wọ́n fi abala 28AAA kún òfin kọ́sítọ́ọ̀mù Íńdíà nítorí irú ọ̀ràn yìí gan-an. Ó sọ pé bí ènìyàn bá fi ìdìtẹ̀, irọ́ tó mọ̀ọ́mọ̀ pa, tàbí òtítọ́ tó mọ̀ọ́mọ̀ bò mọ́lẹ̀ gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ti fi ìwé náà san owó kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fún ní ìwé náà ni wọ́n máa gba owó náà padà lọ́wọ́ rẹ̀, kódà bó jẹ́ ẹlòmíràn ló lò ó. Títà á kò gbà yín.

Ṣùgbọ́n ẹ ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: ìdìtẹ̀, irọ́ àmọ̀ọ́mọ̀, ìbòmọ́lẹ̀. Àṣìṣe kò sí níbẹ̀. Bí ínfọ́ìsì tí wọ́n ń fà yọ lónìí bá wà lára ìwé tí ẹ fi sílẹ̀ nígbà tí ẹ kọ́kọ́ béèrè, tí òṣìṣẹ́ ìjọba rí i, tó sì fọwọ́ sí i, a jẹ́ pé ẹ kò bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ẹ wá ẹ̀dà ìwé tí ẹ fi sílẹ̀ lórí àyè ayélujára wọn lọ́jọ́ náà. Òun ni ẹ̀rí yín tó lágbára jù lọ. Ó tún kan owó ìtanràn, nítorí abala 11 nínú òfin ọdún 1992 jẹ́ kó lè tó ìlọ́po márùn-ún iye iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Èsì láti ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́_Òfin

Ẹ jọ̀wọ́, Amòfin, ẹ má bínú bí mo bá ta kò yín díẹ̀. Ẹjọ́ Dilip Kumar kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ náà, nínú ẹjọ́ àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì kan ní Kerala lórí owó orí ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, sọ pé bí ìdásílẹ̀ kan bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe láti mú ètò rere kan ṣẹ, kì í ṣe pé kí a máa wá ọ̀nà láti fi dí i, bí kò ṣe kí a wo ète rẹ̀, kí a sì kà á ní ọ̀nà tí ète náà yóò fi ṣẹ. Ìwúrí fún àwọn tó ń mú owó ilẹ̀ òkèèrè wọlé kò ha jẹ́ ètò bẹ́ẹ̀? Mo gbà pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú èsì wọn.

Ohun kejì: ẹ bi ọ́fíìsì náà pé níbo ni wọ́n ti rí òfin pé lílo kọ̀ǹpútà ń sọ iṣẹ́ ẹnjiníà di iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ inú lẹ́tà tàbí ìwé ìtọ́nisọ́nà abẹ́nú ni, ẹjọ́ Atul Commodities ti ọdún 2009, tó dá lórí ẹ̀rọ fótókópì àlòkù, wúlò púpọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé DGFT lè túmọ̀ ìlànà, ṣùgbọ́n kò lè fi ìwé ìtọ́nisọ́nà yí i padà. Ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ní agbára yẹn, lábẹ́ abala 5. Mo rí i pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ètò tó ṣáájú SEIS, ìyẹn SFIS, ń san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ní “olùpèsè iṣẹ́ ọmọ Íńdíà” ni òun wà fún. Ṣé ilé-iṣẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Íńdíà, ṣùgbọ́n tó ń lo orúkọ ilé-iṣẹ́ òkèèrè, jẹ́ ọmọ Íńdíà? Wọ́n jà lé e títí. Nígbà tí ìlànà ọdún 2015 dé, wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà sí “olùpèsè iṣẹ́ tó wà ní Íńdíà”. Ọ̀rọ̀ péréte ni wọ́n pààrọ̀, ìjà ńlá sì tán.

Èsì láti ọwọ́ Akọ̀wé_Ìṣúná

Ẹ ṣeun gan-an, mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ tó. Mo ti wo ìwé láti àárọ̀. Òótọ́ ni Olùyẹ̀wé sọ: a rán ẹnjiníà méjì lọ sí Jámánì fún oṣù mẹ́ta lọ́dún 2017, a sì ka owó wọn mọ́ tàwọn tó kù. Owó ètò kọ̀ǹpútà, a yọ ọ́, mo rí i nínú ìṣirò. Ìwé àdéhùn ti Jámánì dárúkọ àwòrán àti ìṣirò ní ojú ewé kẹta, ẹnjiníà tó ṣe é sì fọwọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti Amẹ́ríkà ni kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàlàyé.

Ìbéèrè kan ló kù. Ọ̀gá wa ní WTO, ìyẹn Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, ló ní kí Íńdíà fòpin sí ètò náà, pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó gbogbo rẹ̀ padà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Èsì láti ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́_Òfin

Rárá o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pa méjèèjì pọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, Amẹ́ríkà pe Íńdíà lẹ́jọ́ ní WTO, nọ́ńbà ẹjọ́ náà ni DS541, ìgbìmọ̀ sì dá Íńdíà lẹ́bi ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2019 lórí púpọ̀ nínú ètò tí Amẹ́ríkà kà sílẹ̀. MEIS, ìyẹn ètò ìwúrí fún àwọn tó ń ta ọjà sí òkèèrè, wà nínú wọn, SEIS kò sí. Ìdí rẹ̀ ni pé àdéhùn tó ka ìwúrí ìjọba fún ìtajà sí òkèèrè léèwọ̀ kò kan nǹkan mìíràn ju ọjà tí a lè fọwọ́ kàn lọ. Ní ti iṣẹ́, abala 15 nínú GATS, ìyẹn àdéhùn WTO lórí títa iṣẹ́, kàn ní kí àwọn orílẹ̀-èdè jókòó jíròrò lórí rẹ̀ ni. Íńdíà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ṣùgbọ́n ní oṣù tó tẹ̀ lé e, iye adájọ́ tó kù ní ilé-ẹjọ́ àgbà WTO kò tó èyí tó lè gbọ́ ẹjọ́ mọ́.

Ìjọba Íńdíà fúnra rẹ̀ ló parí SEIS. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde àkójọ iṣẹ́ fún ọdún ìṣúná 2019 sí 2020, iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ṣe tán tipẹ́, wọ́n sì fi òdiwọ̀n sí i pé ilé-iṣẹ́ kan kò gbọ́dọ̀ gbà ju mílíọ̀nù 50 rúpì lọ. Ìlànà tuntun tó jáde ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2023 kò sì mú ètò náà padà. Bí ilé-iṣẹ́ yín bá ní ọ̀rọ̀ kankan lórí ọdún 2019 sí 2020, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlérí tí ọ̀gá yín fẹ́ràn lè ti wúlò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba náà ní ohun tó máa sọ, pé ẹ̀tọ́ kò lè wà lórí àkójọ tí wọn kò tíì kéde. Kò kan ti ọdún 2016 àti 2017 yín.

Èsì láti ọwọ́ Amòfin_Àgbà

Àbúrò mi sọ ọ́ dáadáa, mo sì gba ẹjọ́ Kerala yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi í kún un, ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ìrètí yín lé e.

Akọ̀wé, ẹ pín èsì yín sí apá mẹ́ta. Èyí tí ẹ gbà pé ẹ jẹ, ìyẹn oṣù tí IEC kò tíì jáde àti owó àwọn ẹnjiníà méjì náà, ẹ kọ iye rẹ̀ sí i. Èyí tó wá láti Jámánì, ẹ so ìwé àdéhùn, àwòrán tí wọ́n fọwọ́ sí, ínfọ́ìsì àti ẹ̀rí báńkì pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Èyí tó wá láti Amẹ́ríkà, ẹ kọ̀wé sí oníbàárà yín lónìí pé kó fi lẹ́tà ṣàlàyé ohun tó rà lọ́wọ́ yín àti ohun tó fi ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè nínú èsì yẹn pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wá sọ tẹnu yín lójúkojú, kó wà ní àkọsílẹ̀ pé ẹ béèrè.

Bí wọ́n bá wá dájọ́ tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ọjọ́ 45 ni abala 15 fún yín láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 30 kún un bí ẹ bá ní ìdí tó yè kooro. Ọjọ́ tí àṣẹ náà tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni kíkà náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n kọ sí orí rẹ̀. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ìwé ni wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ má ṣe sọ àpòòwé rẹ̀ nù.